Ọmọ Tó Tẹ̀lé Bándì

Ọ̀pọ̀ wa ní Sango-Ota mọ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, a ò ka ìwé rẹ̀. Aké (1981) ni ká kọ́kọ́ mú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ìgbà tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tẹ̀lé bándì ọlọ́pàá láti Aké dé Ìbarà. Òǹkọ̀wé ò dúró ṣàlàyé ìlú fún wa. Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ dé ni ayé dé. (Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé àlàyé àṣejù máa ń ba nǹkan jẹ́.)

Nígbà tó wá kan ìjà owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di oníròyìn. Ìròyìn yẹn dáa o, àmọ́ ojú ọmọdé yẹn la ṣì ń wá.