Omi Ìyè: Àpólà-Orúkọ Inú Bíbélì Kan àti Ìgbàgbọ́ Ojoojúmọ́ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Láti ìgbà ìsọjí 1930 ni àwọn kan ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn Aládùúrà pé òwe ni Jésù ń pa nígbà tí ó dárúkọ omi ìyè, pé àwọn ni wọ́n sọ òwe di ohun tí a ń pọn sínú agbè. Ìbáwí yìí kò wo ìhun èdè dáadáa. Kí onígbàgbọ́ kankan tó gbé ìkòkò lọ sí odò ni ìtumọ̀ náà ti wà nínú gírámà Yorùbá.

Nínú ìwé Jòhánù orí kẹrin, níbi tí Jésù ti bá obìnrin ará Samáríà sọ̀rọ̀ létí kànga, ohun tí ó wà nínú èdè Gíríìkì ni omi tí ó wà láàyè. Létí àwọn ènìyàn ìgbà náà, omi ìsun ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí, omi tí ń ṣàn, tí kì í ṣe adágún. Abájọ tí obìnrin náà fi ń ṣe kàyéfì nípa ohun tí Jésù yóò fi fà á. Ìhun mìíràn ni ó wà nínú Ìfihàn orí kejìlélógún: omi tí ó jẹ́ ti ìyè. Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, pa méjèèjì pọ̀ sí omi ìyè. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wọn. Ẹbọ ààyè ni Bíbélì kan náà ní nínú Róòmù orí kejìlá, òkúta ààyè ni ó sì ní nínú Pétérù kìíní orí kejì. Wọn ì bá kọ omi ààyè, wọn kò kọ ọ́.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ààyè ń sọ irú ohun tí omi jẹ́. Ìyè ń sọ iṣẹ́ tí omi ń ṣe. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- àti ọ̀rọ̀-ìṣe yè ni a fi ṣẹ̀dá ìyè. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni ó yè: aláìsàn yè, abiyamọ yè, ẹni tí ọkọ̀ dànù yè. Nígbà tí ìyè bá wá di ẹ̀yán fún omi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí etí ti mọ̀ ni omi ìmu àti omi ìwẹ̀. Bí omi ìmu ti jẹ́ fún mímu, tí omi ìwẹ̀ jẹ́ fún wíwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ìyè jẹ́ fún yíyè. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní wá igbá?

Àwọn tí ó gbọ́ ọ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ikú. Lùkúlùkú ti jà ní 1918. Èkìtì pàápàá ti mọ omi tí ń wo ọmọdé sàn tipẹ́tipẹ́. Ṣebí Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ti jẹ́ awakọ̀ katakata rí, dìde ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní oṣù keje 1930, tí iná ìsọjí náà sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn. Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n, Ọba Agúnsóyè, ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Solomon. Ọba Àrámọkọ, Ọba Adéyẹmí, gba Hesekíàh. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin Babalọlá sí ní 1959.

Ibi tí àríwísí ti tọ́ wà níwájú. Ní 1931 àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó hàn pé wọ́n ń lo quinine fún ibà, àwọn ọmọ ìjọ bínú. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó fa ìpínyà, tí a fi wá forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Láti ibẹ̀ ni omi ìyè ti di ọ̀tá oògùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gírámà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ó wà nínú yè tí ó lé ewé tàbí egbòogi jáde. Bíbélì náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀: Hesekíàh tí ọba Àrámọkọ jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣàìsàn dé ojú ikú, Aísáyà wòlíì sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀, ó sì yè. Àdúrà wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀. Fún ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru ní Ìdó-Ilé, ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ọ̀rọ̀ kan gbé dání àti ohun tí ìjà ìjọ fi kún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán. Olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ẹ̀yán níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí omi òjò àti omi ọṣẹ nìkan.

Àwọn tí wọ́n kó èdè náà dání rékọjá òkun kò tíì jù ú nù. Nínú àwọn ìjọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, omi ẹ̀rọ ni ó ń wọ inú ike tí wọ́n ń gbé síwájú fún àdúrà. Kò sun láti inú àpáta kankan, kò sì ṣàn rí ju inú páìpù lọ. Omi ààyè kì bá tí lè jẹ́ orúkọ rẹ̀. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é.