Ọwọ́ Tó Ń Sinmi Nínú Orin

Ẹni tó bá wo ọwọ́ òsì ọ̀gá mi lórí gìtá yóò rò pé kò ṣe nǹkan kan ni. Àwọn ìka rẹ̀ kì í ga sókè, iṣan kì í yọ lọ́rùn-ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohùn tó ń tinú áńpù jáde ń gé ṣáṣá, ó ń dá ìlù lóhùn lẹ́yọ lẹ́yọ. Rídíìmù gìtá ló ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó ń ta líìdì ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí; òun a wà lẹ́yìn nítòsí àwọn onílù, lórí àga, pẹ̀lú fìlà abetí ajá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti papò dà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa kọ nípa ọwọ́ yẹn.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń di kọ́ọ̀dù mú tàbí bí wọ́n ṣe ń yí okùn. Ẹni tó ń ta gìtá ti mọ ìyẹn. Irora orí ìka tó ń bá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká rékọjá rẹ̀ kíá. Awọ á bó, òmíràn á hù, á le láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó parí. Irora tí mo ń wí ni èyí tó máa ń bá ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ta: èyí tó ń ro láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá, tó ń jí èèyàn lóru, tí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín á kú tipiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé iṣan ẹran tó ń ká ìka kò sí nínú ìka rárá. Apá ló wà, láàárín ìgúnpá sí ọrùn-ọwọ́. Okùn iṣan ló ń gba ọ̀nà tóóró kan lọ́rùn-ọwọ́ kọjá dé ìka, iṣan ìmọ̀lára sì ń bá wọn du ọ̀nà kan náà. Ẹ wáá ká ọrùn-ọwọ́ kò, kí ẹ fi gbogbo agbára fún ọrùn gìtá pọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Àwa ọmọ iṣẹ́ rò pé títẹ̀ ni gìtá. Ọ̀gá ní ìdẹwọ́ ni. Ó ní ká fi ìka lé okùn láì tẹ̀ ẹ́, ká fi ọwọ́ ọ̀tún ta á: ohùn á kú, á dún "tọ́" bí igi. Ká wáá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: okùn á máa yùn. Ká tún fi díẹ̀ kún un títí ohùn á fi mọ́. Ibi tó ti mọ́ yẹn, ibẹ̀ ni kí ọwọ́ dúró. Agbára yòówù tí a bá tún fi lé e, orin ò ní gbọ́. Apá nìkan ló máa gbọ́ ọ. Tí ìka bá sì sún mọ́ irin fúrẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, agbára tí yóò ná á kéré sí i.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó gba ọdún lọ́wọ́ wa ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe lẹ́yìn tí ohùn bá ti jáde. Ká dẹ ìka, kí okùn gbéra kúrò lára irin, àmọ́ kí ìka má kúrò lára okùn. Ohùn á gé lójijì. Gígé yẹn gan-an ni adùn rídíìmù jùjú. Òun ló ń fi àyè sílẹ̀ kí gángan lè sọ̀rọ̀. Nínú àlàfo yẹn sì ni ọwọ́ ti ń sinmi. Ojú kan àwo ńlá ayé àtijọ́ lè gbà tó 20 ìṣẹ́jú láìdúró. Ọwọ́ tó bá ń dẹ̀ ní ìdajì àkókò yẹn ti sinmi 10 ìṣẹ́jú nínú orin kan ṣoṣo, ẹni tó ń jó ò sì mọ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ n'Ítòkú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó ti màmá. Màmá ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun. Ìyẹ́ á kan aṣọ, á fà, á gbéra. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí, ilà rẹ̀ ò sì wọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ní kí o wá ràn mí lọ́wọ́ ni?" Ọ̀gá ti ẹ̀yìnkùlé dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó wo ọwọ́ yín o jàre." Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dá gìtá mi padà, lẹ́yìn tí mo ti jẹ láfún àti ewédú tán.

Ọ̀gá tún ní ìwà ìkà kan. Tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, á rọra ti ẹ̀yìn wá, á fi ìka kan yọ àtàǹpàkò òsì rẹ kúrò lẹ́yìn ọrùn gìtá. Tí kọ́ọ̀dù bá wó, ó ti mọ̀ pé fífún lò ń fún gìtá pọ̀. Ìwúwo apá nìkan tó láti fa ìka sórí okùn. Àtàǹpàkò kàn ń fi ọ̀nà hàn ni. Mo rántí òde ìsìnkú kan n'Íbarà. Olórí ẹgbẹ́ wa ń ki ìjòyè kan, owó ń bọ́, ó sì ń wá baba ńlá ìjòyè náà kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè ní kó dákẹ́ nígbà tí náírà ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ rídíìmù ò gbọdọ̀ já. Kọ́ọ̀dù méjì péré, títí àkùkọ fi kọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀gá ń sùn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣì.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn àgbà olórin jùjú pẹ́ lórí iṣẹ́. Ebenezer Obey, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní Ìdógò ní 1942, ọ̀dọ̀ Fatai Rolling Dollar ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Rolling Dollar fúnra rẹ̀ ti lé lẹ́ni 80 ọdún nígbà tó kú ní oṣù kẹfà 2013, ó sì ń ta gìtá lórí ìtàgé dé ọjọ́ ogbó rẹ̀. Láyé tí kò tíì sí iná mànàmáná lára gìtá, onígìtá ní láti fi agbára ta kí ohùn rẹ̀ lè borí ìlù. Ní 1949 ni Àyìndé Bàkàrè gbé gìtá oníná wọ jùjú. Láti ìgbà náà, áńpù ló ń pariwo. Kí ni a tún ń fún gìtá lọ́rùn sí?

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà báyìí. Gìtá olówó pọ́ọ́kú tí okùn rẹ̀ ga kúrò lára igi débi pé ìka méjì gbọ́dọ̀ ran ara wọn lọ́wọ́. Ọyẹ́ á tún dé, igi á gbẹ, ọrùn á yí. Àwọn ọmọ á fi gúlúù kun orí ìka, wọ́n á gbé oògùn apàrora mì kí wọ́n tó lọ ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù sọ fún wọn pé láìsí irora, kò sí èrè. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì ní Birmingham ní 1965, kò fi agbára jà á. Ó ṣe ìbọ̀ ìka fúnra rẹ̀, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó yá ó dẹ okùn sílẹ̀. Tí ẹ bá dẹ okùn ní ìdajì ohùn péré, fífà rẹ̀ á dín ní nǹkan bí 11 nínú 100. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba gúlúù.

Ọmọkùnrin kan láti Láfẹ́ńwá wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ti fi báńdéèjì di ìka, ó ti fi róbù ra apá. Gìtá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà. Eegun kékeré tó wà níbi orí gìtá, tí okùn ń gbà kọjá, ga jù. A fi ayùn-irin kékeré gbẹ́ ojú ọ̀nà okùn náà wálẹ̀. Mo ní kí ó lọ rí dókítà nítorí àwọn ìka tó ń kú lóru, kí ó sì fi gìtá sílẹ̀ títí dókítà yóò fi ní kí ó gbé e. Ó ti padà wá. Apá ti fúyẹ́, ó ní, àmọ́ nígbà tí mo yọ àtàǹpàkò rẹ̀, kọ́ọ̀dù wó lulẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó má gbé róbù wọ ilé mi.