Etí Tó Mọ Ohùn Ẹ́ńjìnnì

Kò sí máṣíìnì tó lè fi irọ́ pamọ́ pẹ́ ní Nasarawa Gwong. Bí ẹ bá jáde nílé, òkè ni. Bí ẹ bá yà sí ọ̀nà Dutse Uku, àpáta ni. Bí ẹ bá sì kọjú sí gúúsù, tí ẹ la Bukuru kọjá dé Riyom, ilẹ̀ á ṣàdédé là sílẹ̀ níwájú yín ní Hawan Kibo, títì á sì máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bọ́ sílẹ̀ lọ sọ́nà Akwanga àti Àbújá. Ìlú Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà ju ojú òkun lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́nnu ní Èkó á gòkè débí, èémí rẹ̀ á kúrú. Bíréèkì tí kò lẹ́bi kankan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á gbóná ní ìsọ̀kalẹ̀ Hawan Kibo. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ máṣíìnì lórí òkè yìí kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́.

Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau ti fòfin de áchàbà, ìyẹn ọ̀kadà, láàárín Jos àti Bukuru, kẹ̀kẹ́ Napep ló sì gba èrò. Àwọn mẹkáníìkì tí ọwọ́ wọn ti mọ́ lára Jincheng, Bajaj àti Honda CG125 kò tìtorí ìyẹn gbàgbé iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ládùúgbò wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos, tó ń sọ Hausa bí ẹni tí wọ́n fi wẹ̀ ní kékeré. Àwọn tó ń wá a báyìí ni àwọn tó fẹ́ ra páwà báìkì tókúńbọ̀, tí wọ́n á máa gùn lọ sí Àbújá tàbí sọ̀kalẹ̀ lọ sílé. Òun ni wọ́n ń gbé lọ síbi tí máṣíìnì wà, kó bá wọn wò ó kí owó tó jáde lápò. Iṣẹ́ wíwò yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí a kì í kà á sí iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń béèrè jù ni máṣíìnì tó wà láàárín méjì. Ti eré ìje máa ń tẹ ènìyàn mọ́ orí táǹkì, kí wákàtí kan sì tó pé, ọrùn-ọwọ́ á ti máa ro. Gàgàrà ti arìnrìn-àjò náà ní wàhálà tirẹ̀: Honda ST1100 tó jáde ní 1990 lé ní 300 kìlógíráàmù bí epo bá kún inú rẹ̀. Ẹ rò ó wò bí ẹ bá ní láti yí i padà lórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín. Àárín méjèèjì ni BMW gbé R100RS sí ní 1976, pẹ̀lú ìbòrí iwájú tí wọ́n ti dán wò nínú yàrá atẹ́gùn kí wọ́n tó fara mọ́ ọn. Honda mú VFR750F wá ní 1986, Yamaha mú TDM850 wá ní 1991 àti FJR1300 ní 2001. Ènìyàn lè gun irú wọn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kó sọ̀kalẹ̀, kó ṣì nàró. Bó bá sì dé kọ́nà, máṣíìnì náà ṣe tán láti tẹ̀ bá a.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mẹkáníìkì wa yìí ń ṣe ni pé á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì, kó tó wo àwọ̀, kó tó béèrè iye. Bí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á yíjú sí ẹni tó ń tà á: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń sítáàtì rẹ̀ kí á tó dé nìyẹn." Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí ara rẹ̀. Èyí tó sùn mọ́jú nínú ọyẹ́ Jos, tí ọ́ìlì rẹ̀ ti ki, ló máa sọ òótọ́ nípa bẹ́tìrì, nípa ṣéènì inú, nípa àwọ̀ èéfín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Nítorí náà á ní kí gbogbo wa wá ibì kan jókòó sí títí á fi tutù. Ọlọ́jà á máa kanra. Òun kò ní dáhùn.

Lásìkò ìdúró yẹn ni ojú ń ṣiṣẹ́. Á wo orí hándù méjèèjì, ẹnu irin kílọ́ọ̀ṣì, àti etí ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, torí bí máṣíìnì bá ṣubú, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kò sì sí ọ̀dà tó lè bo irin tó ti họ mọ́ ọn lójú. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo irin kékeré tó ń dá hándù dúró bó bá yí dé òpin. Bí irin náà bá ti wọnú, iwájú máṣíìnì ti kọ lu nǹkan rí. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kò ní débi ẹ́ńjìnnì. Á fi ìka nu ara fọ́ọ̀kì, á wo bóyá ọ́ìlì bá ìka jáde. Á ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ojú rẹ̀ ìbáà jin bíi tuntun. Ọyẹ́ kì í ṣàánú rọ́bà tó ti gbó.

Lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, á sì fi ìka méjì péré yí hándù láti òsì sí ọ̀tún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá fi gbogbo ọwọ́ dì í, agbára ọwọ́ á bo ohun tó yẹ kó gbọ́ mọ́lẹ̀. Bí bẹ́árìn ọrùn bá ti jẹ, hándù á fẹ́ há díẹ̀ ní ọ̀gangan àárín, níbi tó máa ń wà nígbà tí a bá ń lọ tààrà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ní òun kò mọ nǹkan kan lára. Ó di ìka ọmọ náà mú, ó tún un yí lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra dúró. Ojú ọmọ náà ni mo wò, mo sì rí ìgbà tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan etí. Á fi ẹnu sukurudiráífà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀bá etí, á di ojú. Báyìí ló ṣe ń gbọ́ fáàfù lọ́tọ̀, bẹ́árìn lọ́tọ̀, ṣéènì káàmù lọ́tọ̀. Kì í wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ohùn ìbí ń bẹ, ohùn àìsàn sì ń bẹ, ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì á fi owó olówó ṣòfò.

Ẹ wo VFR. Písítìnì mẹ́rin ló ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí wọ́n ya ara wọn ní ìgun 90. Títí di 2001, jíà ni Honda fi ń yí káàmù rẹ̀ dípò ṣéènì, jíà náà sì máa ń kùn, ohùn tín-ín-rín tó ń ga sí i bí eré ṣe ń pọ̀. Mẹkáníìkì tí kò rí irú rẹ̀ rí á ní inú ti bàjẹ́, á tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó máa kọrin ẹ̀." Ti BMW náà, tó na písítìnì kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà R32 ní 1923: bó bá dúró lójú kan tí ẹ fún un níná, gbogbo ara rẹ̀ á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó padà. Kò sí bóòtù tó tú níbẹ̀. Kíráńkì rẹ̀ nà láti iwájú sẹ́yìn ni, bó bá sì ti yára yí, ara máṣíìnì á fẹ́ yí òdìkejì.

Ọ̀rẹ́ mi pàtàkì ni TDM. Ní 1996 ni Yamaha yí kíráńkì TDM850 sí ìgun 270, wọ́n sì gbé e wọ TDM900 tó jáde ní 2002. Písítìnì méjèèjì kò jó lálàfo dọ́gba mọ́: ọ̀kan jó, èkejì tẹ̀ lé e kíá, ó wá fara balẹ̀ kó tó tún kan àkọ́kọ́. Bí ìgbà tí onílù bá mọ̀ọ́mọ̀ fa ọ̀pá sẹ́yìn kó tó lù ú ni ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tó wà lórí ìlà kan ń jó ní gbogbo ìgun 180, ó ń lọ geerege, ṣùgbọ́n lórí eré ó máa ń rán gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n wẹ́wẹ́ kan sínú hándù, àtẹ́lẹwọ́ á kú tipiri. Gbígbọ̀n ti TDM nípọn, ó sì lọ́ra, ara gbà á. Àwọn kan máa ń sọ pé máṣíìnì tó bá ní ìwà kì í rọni lọ́rùn, pé èyí tó bá rọni lọ́rùn kì í ní ìwà. N kò gbà. Ibì kan náà ni méjèèjì ti ń wá: inú irin tí ẹnìkan jókòó ronú lé lórí bí yóò ṣe máa yí.

Bó bá ti gba ẹ́ńjìnnì gbọ́, ara oníbàárà ló kàn. Á ní kó gun orí rẹ̀, kó di ojú, kó na ọwọ́ síwájú láìwo hándù. Ibi tí ọwọ́ bá fúnra rẹ̀ balẹ̀ sí, ibẹ̀ ló yẹ kí hándù wà. Ó fẹ́ kí àyà tẹ̀ síwájú díẹ̀, torí lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, atẹ́gùn á máa ti àyà sẹ́yìn, á gbé ìwúwo kúrò lórí ọrùn-ọwọ́. Ẹni tó bá jókòó ṣánṣán, ìbàdí rẹ̀ ló ń san owó gbogbo kòtò. Á wá mú téèpù. Á wọn ẹ̀yìn máṣíìnì nígbà tí táyà kò kan ilẹ̀, á tún wọ̀n ọ́n nígbà tí olówó rẹ̀ jókòó tẹrùtẹrù. Bó bá wọlẹ̀ ní 30 sí 40 mìlímítà, ó dára. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fún sípíríǹgì le sí i. Mo mọ àwọn tó ń fi oògùn pa ẹ̀yìn lóṣooṣù nítorí ohun tí sípánà lè wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò ló ń rán wọn lọ. Fóòmù tó rọ̀ máa ń dùn mọ́ ìdí ní ìsọ̀, ṣùgbọ́n bó bá di wákàtí kejì, ó ti pẹlẹbẹ, egungun ti kan páálí abẹ́ rẹ̀. Aránjókòó tó mọṣẹ́ á fi èyí tó le sísàlẹ̀, á fi èyí tó rọ̀, tí kò nípọn, bò ó. Ìjókòó VFR800, àbúrò VFR750, ga tó 805 mìlímítà, ti TDM900 jẹ́ 825. Fún ẹni kúkúrú, á fi ọ̀bẹ fá etí iwájú ìjókòó wọnú lọ́tùn-ún lósì, itan á sún mọ́ra, ẹsẹ̀ á sì kanlẹ̀ láìjẹ́ pé fóòmù dín níbi tí ìdí gbé wà.

Ibi tí òkè Jos ti ń dá oníṣẹ́ mọ̀ gan-an ni kábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ ibí fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. VFR800 àti TDM900 ní kọ̀ǹpútà tó ń wọn afẹ́fẹ́, wọ́n ń tún epo ara wọn ṣe. VFR750 àti TDM850 kò ní. Epo tí wọ́n ń fà wá á pọ̀ jù, plọ́ọ̀gì á dúdú kirikiri, máṣíìnì á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ọ̀gá á yọ jẹ́ẹ̀tì, á fi èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù ú lọ sí i, á yẹ plọ́ọ̀gì wò títí á fi ní àwọ̀ búráùn tó fẹ́ràn. Jẹ́ẹ̀tì tó yọ kò ní jù nù. Á wé e sínú nọ́ọ́lọ̀nù, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ síwèé, á so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó. Bí olówó rẹ̀ bá ń padà sí Èkó, epo kékeré yẹn kò ní tó fún afẹ́fẹ́ tó ki, písítìnì lè gbóná kó yọ́. Mẹkáníìkì mìíràn tó máa bá a yí i padà á rí ohun tó nílò níbẹ̀.

Ìrìn-àjò gígùn ni gbogbo ìmúrasílẹ̀ yìí wà fún. Nígbà tí Kúnlé Adéyanjú gun máṣíìnì láti London dé Èkó ní 2022, tó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, tó sì wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, láti kówó jọ fún ìjà Rotary pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀, eré àti ìgboyà ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Èmi ń ro ìdí, ẹ̀yìn àti ọrùn-ọwọ́ tó gbà á fún odidi ọjọ́ 41.

Síbẹ̀, ó dùn mí pé àwọn ènìyàn á sanwó bóòtù, wọ́n á sanwó ọ́ìlì, bó bá wá kan owó ojú àti etí, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣebí wíwò lẹ kàn wò ó." Oníbàárà kan tó san án láìjiyàn fẹ́ FJR1300 ni. Ẹ́ńjìnnì náà mọ́, kò ní ṣéènì tí eruku ọyẹ́ máa jẹ torí irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀, èmi náà sì ti fẹ́ kí i kú oríire. Ọ̀gá ní kó kọ́kọ́ ti máṣíìnì náà gun ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ìdajì bí ọ̀nà ilé rẹ̀ ṣe ga. Ó lé ní 260 kìlógíráàmù. Ó tì í, ó tì í, ó dúró. "Àbúrò, ojoojúmọ́ lo máa ti èyí wọlé o," ni ọ̀gá sọ, ó sì ká téèpù rẹ̀ sápò. TDM900 ni wọ́n wá rí fún un lẹ́yìn náà, nǹkan bíi 220 kìlógíráàmù, bẹ́árìn ọrùn rẹ̀ nìkan ló ti jẹ. Wọ́n yọ owó bẹ́árìn kúrò nínú iye tí wọ́n dá lé e, ó rà á, ó sì gbé e tààrà lọ sọ́dọ̀ aránjókòó.