Ọ̀dà Ni Ìkẹyìn

Ní agbègbè Sángo-Ọ̀tà, ọ̀nà méjì ni irin tí ó ti gbó lè gbà. Èkíní ni ọ̀nà iná: àwọn tí ń fi ọmọlanke ra àlòkù irin yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì tà á fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin di ọ̀pá ìkọ́lé. Èkejì ni ọ̀nà òòlù: ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórinmọ́rin àti àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà tí wọ́n tẹ́ ìsọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ó lọ sí Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí bàbá mi kú, tí Land Rover rẹ̀ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó di dandan kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọlọ́mọlanke ni ó kọ́kọ́ dé. Kò béèrè ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà rí. Iye tí yóò wọ̀n ni ó ń ṣírò.

Mo ní kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má rò pé ìtàn ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni iṣẹ́ mi: kí n yẹ iṣẹ́ ọnà wò, kí n sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí. Àtúnṣe ohun àgbà jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí a kì í sábà fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò. Ìbéèrè mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí ni a ń pè ní àtúnṣe rere?

Oṣù kẹrin ọdún 1948 ni iléeṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Kò tíì pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, irin sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe ṣáásì, èyí tí í ṣe egungun ẹ̀yìn ọkọ̀. Bóòtù ni wọ́n fi de ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, tí ẹni tí ó ní sípánà fi lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi. Ìwà rẹ̀ nìyí: ara rẹ̀ kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ń dógùn-ún láti inú wá. Ẹni tí ó bá wo ara nìkan yóò rò pé kò sí nǹkan kan.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjòjì sí wa. Òyìnbó amúnisìn gùn ún, ọlọ́pàá gùn ún, agbowó-orí gùn ún. Àwọn kan rí i, wọ́n sá wọ igbó. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n gbé ọmọ wọn jáde fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ó yá, iléeṣẹ́ Leyland tí ó wà ní Ìbàdàn náà to Land Rover pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ti bàbá mi jẹ́ Series III, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1971. Ọkọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Níbi gbàǹjo ni bàbá mi ti rà á.

Níbi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi parí iṣẹ́. Ọkọ̀ jáde, ó ń kọ mọ̀nà: ọ̀dà àwọ̀ ewé, iná ńlá mẹ́rin lórí, táyà gbàǹgbà. Àwọn ará àdúgbò bá mi yọ̀. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn èyí, nínú òjò, lójú ọ̀nà Àtàn sí Agbára, ẹ̀yìn ọkọ̀ balẹ̀ gbì nínú kòtò. Ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́ lára ṣáásì ni ó dá. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, àkísà ni wọ́n kì bọ inú ihò tí ìdógùn-ún jẹ, wọ́n fi pọ́tì dí i, wọ́n sì kun ọ̀dà dúdú lé e lórí. Ọlọ́run ni ó yọ èmi àti àbúrò mi tí a jọ wà nínú rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó rọrùn láti dá oníṣẹ́ náà nìkan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi tí mo san owó, kí ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀dà ni mo béèrè, iná ni, táyà ni. N kò béèrè ohun tí ó wà lábẹ́. Irú ojú kan náà ni a fi ń wo ilé ìwé tí a kùn nítorí àlejò ìjọba, tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Òun náà ni a fi ń yin ewì tí akéwì kó òwe jọ sí, tí kò sí èrò kan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá tí ó wà ní ìsọ̀ kejì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Kò wo ọ̀dà rárá. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó mú òòlù kékeré, ó ń kàn án mọ́ ṣáásì láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó sì ń tẹ́tí. Níbi tí irin ti dára, a dún gbọnran. Níbi tí ó ti jẹrà, a dún bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páálí.

“Dọ́kítà, èló ni ẹ ní?”

Mo dárúkọ iye tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa yá mi. “Bàbá, gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn.”

“Ó tó fún egungun àti búréèkì. Ẹ wá òmíràn fún ẹ́ńjìnnì lọ́dún tí ń bọ̀. Ní ti ọ̀dà, ẹ má tíì dárúkọ rẹ̀ fún mi.”

Lámèyítọ́ gidi ni bàbá yìí. Ó gé irin tí ó ti jẹrà títí ó fi kan irin tí ó dára. Ó ní kí wọ́n jó irin tí ó nípọn tó ti àtijọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n má sì dí ihò tí omi yóò máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni ó kan búréèkì: páìpù tuntun, rọ́bà tuntun, àti irinṣẹ́ tí ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Wáyà iná tẹ̀ lé e, nítorí èyí tí ó ti gbó a máa dáná sun ọkọ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ní ohun tí ó ń tì í lójú: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun ìtìjú ni kí a fi owó kékeré ra ohun tí ojú rí, kí a fi ẹ̀mí ènìyàn san ìyókù.

Ní ọdún kejì a kan ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ti rẹ̀, ó sì ń mu epo bẹntiróòlù bí ẹni mu omi. A ra ẹ́ńjìnnì Toyota oní-dísù, àlòkù tí ó ti òkè òkun wá. Àwọn tí ń fá irin lórí ẹ̀rọ ní Ọ̀tà ni wọ́n ṣe irin pẹlẹbẹ tí ó so ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Japan mọ́ jíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka irin náà sí ohun tí ó ní ọnà jù lọ lára ọkọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í rí i.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ba ogún jẹ́. Lójú wọn, ọkọ̀ àgbà kò pé bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú ìwòye yìí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni tiwa. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, bí ọdún eégún bá dé, wọ́n máa ń rán aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀kú. Ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti ọdún yìí wà lókè, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé eégún ilé náà ti di òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo ayé: ní Ọ̀tà, ní Ẹ̀gbádò àti ní Kétu, wọ́n máa ń tún igi náà kùn kí ó tó jó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, ọ̀dà kò lè gbà á là. Ibẹ̀ ni ààlà wà láàárín àfikún àti ìbòjú.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ọkọ̀ ẹyọ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, iye owó tòkunbọ̀ sì kọjá agbára owó oṣù olùkọ́. Ohun tí a ní nílẹ̀ ni a óò máa tún ṣe. Bí a kò bá mọ àtúnṣe yàtọ̀ sí ìbòjú, kòtò ni yóò máa kọ́ wa.

Nígbà tí panẹ́ẹ̀lì-bítà ń ha ilẹ̀kùn, lẹ́tà funfun ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yọ lábẹ́ ọ̀dà bàbá mi. Ó fẹ́ ha á kúrò. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ tí kò lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kò tíì ṣe nǹkan. Nígbà tí a wà ní kékeré, láti ìkóríta ni a ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, tí ìyá wa yóò ní kí a lọ gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún Bàbá. Ìró yẹn ti lọ. Igun ìsọ̀ ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà wà fún oṣù mẹ́rin, kí ọlọ́mọlanke tó padà dé, tí ó gbé e sórí ìwọ̀n. Mo gba owó náà. Òun ni mo fi ra ọ̀dà.