Akin Mabogunje àti Ọ̀rọ̀ Àlejò Nínú Ìtàn Ìlú

Kano ni wọ́n bí Akin Mabogunje sí ní 1931. Sábọ́n Gàrí, àdúgbò àwọn àlejò nítòsí Bompai, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Onímọ̀ jọ́gíráfì ni títí ó fi di olóògbé ní 2022, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó fi tú ìlú palẹ̀. Nínú Urbanization in Nigeria (1968), ó fèsì fún àwọn tí kò gbà pé ìlú gidi ni ìlú Yorùbá nítorí pé àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó ní oúnjẹ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, aláṣẹ gbọ́dọ̀ wà, oníṣòwò náà gbọ́dọ̀ wà, kí ìlú tó lè dúró. Àlàyé yìí múná dóko.

Síbẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó ni ó yẹ̀ wò fínnífínní. Kano tí wọ́n bí i sí kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. A rí òwò àlejò àti àdúgbò rẹ̀ nínú ìwé náà, a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní 1966 ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ Igbo ní Sábọ́n Gàrí kan náà, tí àwọn yòókù sá. Regional Mobility and Resource Development in West Africa (1972), tí ó jáde lẹ́yìn tí Ghana lé àwọn àjèjì, Yorùbá pẹ̀lú, ní 1969, ni ó ti wá sọ gbangba pé àlejò wà lára àwọn tí ń tún ìlú ṣe.