‘Kíkan’ àti ‘Ásíìdì’: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́ kan àti Èdè-Ìperí Kẹ́mísírì Ohun Abẹ̀mí

Ìfáárà
Ó rọrùn fún olùkọ́ tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì láti túmọ̀ ásíìdì sí ‘ohun kíkan’. Ìtumọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí ‘kíkan’ gan-an ni ìtumọ̀ acidus, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó bí ásíìdì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ kọ́ ni ó máa ń dúró sí.

Kíkan lẹ́nu aráàlú
Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘kan’ ń sọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa kan. Ògì tí ó bá pẹ́ nínú omi a máa kan. Iyì ni kíkan jẹ́ fún ògì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ ti kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Omidùn orí ògì, tí wọ́n fi ń rẹ egbòogi, dùn lórúkọ, ó sì kan lẹ́nu. Ahọ́n ni adájọ́ nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí.

Ásíìdì nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀
Ní ti Brønsted àti Lowry (1923), ohun tí ó lè fi pírótọ̀nù sílẹ̀ fún òmíràn ni ásíìdì. Ọ̀nà méjèèjì pàdé nínú ògì: lactic acid tí àwọn kòkòrò tíńtínní ń ṣe ni ó ń mú un kan. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni amino acid. Glycine, tí Braconnot yọ jáde ní 1820, dùn débi pé ṣúgà ni ó kọ́kọ́ pè é. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún adùn ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Tryptophan ní tirẹ̀ korò. DNA náà jẹ́ ásíìdì, síbẹ̀ ahọ́n kọ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Àríwísí
Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ‘ohun kíkan’ gbọ́ lè rò pé ẹ̀wà tí òun jẹ yóò kan nínú òun, nítorí amino acid ni pírótéènì inú ẹ̀wà ń dà. Èyí tí ó burú jù ni kí ó fi ahọ́n tọ́ ohun inú ìgò yàrá àyẹ̀wò wò. Òótọ́ ni pé ‘ásíìdì’ náà ní àléébù, torí omi bátìrì tí ń jó ara ni ó ń mú wá sọ́kàn aráàlú. Àmọ́ àlàyé lè mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò. ‘Ohun kíkan’ kò ní àtúnṣe, nítorí ahọ́n ni ó ń pè ní ẹlẹ́rìí.

Àgbálọgbábọ̀
Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé Yorùbá tó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí ásíìdì dúró bí èdè-ìperí pẹ̀lú àlàyé pírótọ̀nù, kí kíkan sì jẹ́ ti ahọ́n. Àyálò tí wọ́n bá ṣàlàyé yékéyéké kò bu èdè kù.