Kí A Tó Fi Gírísì Sí I

Àwọn tó ṣe bíárìn olójú rọ́bà kò ṣe é pé kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi gírísì sí i, wọ́n á fi rọ́bà pẹlẹbẹ dé e lójú méjèèjì, ó parí nìyẹn. Bó bá gbó, kí olówó rẹ̀ yọ ọ́ dànù, kó ra òmíràn. Ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ṣíṣí là ń ṣí i. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń tún ṣe jẹun, nínú gbogbo iṣẹ́ tó sì wà lára kẹ̀kẹ́, látorí lílẹ tíúbù títí dórí fífa sípóòkù, kò sí èyí tó wù mí ṣe tó kí n jókòó ti bíárìn.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ tó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Inú kọ̀ńténà ni wọ́n ń bá wọlé, yálà ní èbúté Apápá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921, tàbí ní Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Òmíràn ti wà lẹ́yìnkùlé olówó rẹ̀ nílùú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú òtútù àti òjò, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Gírísì inú rẹ̀ á ti gan bí ọṣẹ dúdú tó gbẹ. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, omi tún ń dúró dè é. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń wí: omi á bo títì, á mu táyà dé họ́ọ̀bù. Rọ́bà ojú bíárìn lè dá eruku dúró, ó lè dá omi tó ta sí i dúró. Omi tó bò ó mọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fọ mọ́tò náà ń dá kún un, nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tú omi lu àárín táyà. Omi yẹn á gba etí rọ́bà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde.

Nígbà àtijọ́, kò sí rọ́bà kankan lójú bíárìn kẹ̀kẹ́. Jules Suriray, ará Paris, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bọ́ọ̀lù irin inú họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní 1869. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni James Moore gun kẹ̀kẹ́ tó ní irú bíárìn bẹ́ẹ̀ láti Paris dé Rouen, 123 kìlómítà, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, bọ́ọ̀lù tí kò ní ìdérí ló wà nínú tiwọn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù ìgbà náà ló ní ihò kékeré tí wọ́n ń kán epo sí. Èyí tó ní rọ́bà kò ní ihò epo. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Abẹ́rẹ́ ńlá ni mo fi ń ṣí i. Rọ́bà náà ní etí méjì: etí òde há sínú ojú ihò tóóró kan lára òrùka ńlá, etí inú kàn fara kan òrùka kékeré ni. Etí inú yìí ni mo ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀, n ó gbé e sókè díẹ̀, n ó máa yí i ká títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dìde. Ẹni tó bá kánjú, tó fi sukudíráfà gún un, á tẹ páànù tó wà nínú rọ́bà náà, kò sì ní dé dáadáa mọ́. Bó bá ti ṣí, wíwò nìkan ti ń sọ púpọ̀. Gírísì tó funfun, omi ti wọ inú rẹ̀. Èyí tó pọ́n, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dúdú tó ń kọ mọ̀nà, irin ti ń jẹ irin.

Kẹrosín ni mo fi ń fọ̀ ọ́, nínú agolo. N kì í fi pẹtiróòlù ṣe é, torí àwọn tó ń dín àkàrà kò jìnnà sí wa. N ó gbọ̀n ọ́n, n ó da omi dúdú náà nù, n ó bu òmíràn sí i, títí kẹrosín yóò fi máa jáde bó ṣe wọlé. Àwọn kan máa ń gbé bíárìn tí wọ́n fọ̀ lọ bá fọgánáísà pé kó fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Á máa yí fìì, á máa hu, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Pípa ni wọ́n ń pa á, torí irin gbígbẹ ló ń sáré lórí irin gbígbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí gírísì tuntun tó kan bíárìn, ìka ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí gírísì a máa bo àbùkù. Bíárìn tó ti kú, bí ẹ bá rọ gírísì kún inú rẹ̀, á dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Oníkẹ̀kẹ́ á sanwó, á dúpẹ́, á lọ. N kì í gba owó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni mo ń kọ́kọ́ kán sí i, torí bíárìn tó gbẹ máa ń pariwo bí kò tilẹ̀ ní àrùn kankan. N ó ki ìka ìfábẹ̀lá bọ ihò rẹ̀, n ó fi ọwọ́ kejì di òrùka òde mú, n ó tẹ̀ ẹ́ sápá kan díẹ̀, n ó sì máa yí i jẹ́jẹ́. Bó bá ń yọ̀ lọ láìkọsẹ̀, ó yè. Bó bá ń kọsẹ̀ lójú kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí débẹ̀, ọgbẹ́ ti wà lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń ha, ó lè jẹ́ iyanrìn ló kù nínú rẹ̀, n ó tún un fọ̀. Bó bá ṣì ń ha lẹ́yìn èyí, ìpẹtà ti jẹ ojú irin, kò sí gírísì tó lè wò ó sàn.

Ọ̀dọ́ kan á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi fi gírísì sí i, kí n tètè máa lọ.” N ó gbé e lé e lọ́wọ́ pé, “Àbúrò, ìwọ náà yí i wò.” Bí ìka tirẹ̀ bá ti bá ọgbẹ́ yẹn pàdé, a kì í jiyàn mọ́.

Èyí tó bá yè, kí wọ́n fún un ní gírísì dáadáa. Àwọn tó ń tún mọ́tò iná ṣe máa ń ní kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú rẹ̀ lọ, kó má baà gbóná. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún iṣẹ́ tiwọn. Táyà kẹ̀kẹ́ tó ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ìgbà 160 péré ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Omi ni ọ̀tá tiwa, kì í ṣe ooru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kún un kọjá ìlàjì, tí mo sì ń fi díẹ̀ pa abẹ́ etí rọ́bà kí n tó dé e padà.

Bó bá kú, nọ́ńbà ni n ó kà. Nọ́ńbà yìí wù mí gan-an. Lára 6001, òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ìwọ̀n ihò àárín: 00 jẹ́ mìlímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17, láti 04 lọ, ẹ kàn sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ìbáà jẹ́ Japan ni wọ́n ti ṣe é, ìbáà jẹ́ Jámánì tàbí Ṣáínà, ihò 6001 jẹ́ 12, láti etí òde kan sí èkejì jẹ́ 28, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 8. Bí wọ́n bá kọ 2RS tẹ̀ lé e, rọ́bà ló wà lójú méjèèjì. ZZ, páànù ni, páànù kò sì lè kojú omi Ajégúnlẹ̀. Nítorí nọ́ńbà yìí, n kò ní láti wá ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kiri. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pàátì ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìfami ni mo ti ń rà á. Páálí tó rẹwà kì í tàn mí jẹ. Mo ń ṣí i níwájú ọlọ́jà, mo sì ń fi ìka yí i kí n tó sanwó.

Òrùka òde ló há mọ́ họ́ọ̀bù, òun nìkan ló yẹ kí wọ́n tì bí wọ́n bá ń fi tuntun sí i. Bí hámà bá ba òrùka inú, agbára rẹ̀ á gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, bọ́ọ̀lù á sì tẹ ojú ọ̀nà wọn. Bíárìn tuntun á ti lọ́gbẹ́ kó tó dé títì. Bóòtù gígùn kan, nọ́ọ̀tù, wáṣà tó nípọn àti òrùka òde bíárìn tó ti kú, tí mo fi fáìlì yún díẹ̀ kó má baà há, ni mo fi ń fà á wọlé. Sípánà ni mo fi ń yí nọ́ọ̀tù náà, díẹ̀díẹ̀, títí tí bíárìn yóò fi jókòó.

Ní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Apápá. Òfin náà kò kan ológeere. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa níbí, kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, bí bíárìn rẹ̀ bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn. Oṣù kẹta ni mo fẹ́ kí irú wọn máa gbé e wá, kí òjò tó dé, nígbà tí kẹrosín àti gírísì ṣì lè gba bíárìn là. Oṣù keje ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, tuntun sì ni wọ́n máa ń rà.